Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí Mo Fi "A Dúpẹ́" Bo Eyín Mi

Káfíńtà ni mí. Òrùlé ni mo ń kàn jù, mo sì ń kan ilẹ̀kùn. Láti Ìlobù dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tí ẹ bá rí òrùlé tí kò jò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo kàn án. Tí ẹ bá rí èyí tó ń jò, èmi kọ́. Mo ti dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nígbà tí atẹ́gùn ń já páànù gbà lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ mi kò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọdébìnrin kan tí kò ga tó èjìká mi mú abẹ́rẹ́ kékeré wá síwájú ẹnu mi, mo rántí lójijì pé mi ò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wọ́n máa fọ inú gbòǹgbò eyín rẹ̀ ni mo ń kọ èyí sí. Mo sì ń kọ ọ́, pàápàá jù lọ, sí ẹni tí wọ́n ti bá fọ tirẹ̀ tán, tó jókòó sílé báyìí, tó fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, tó ń rò ó pé wọ́n ti ba òun lẹ́nu jẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mi ò ní bá yín sọ èdè dókítà, torí mi ò gbọ́ ọ. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ, pẹ̀lú ìwà òmùgọ̀ tí mo hù sí i, kí ẹlòmíràn má baà hù ú mọ́.

Omi tútù ló kọ́kọ́ tú àṣírí mi. À ń kan òrùlé kan ní Ẹ̀rìn lọ́jọ́ náà, oòrùn mú, onílé sì gbé omi inú ọ̀rá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì fún wa. Bí mo ṣe fà á mu báyìí, nǹkan kan ta mí láti eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀ lápá òsì, ó gba etí jáde. Mo kọ́kọ́ rò pé ìṣó ni, nítorí ẹnu ni àwa káfíńtà máa ń kó ìṣó sí tí a bá wà lókè, kí ọwọ́ lè ráyè di nǹkan mìíràn mú. Mo tutọ́ sílẹ̀, mo wá ìṣó nínú itọ́. Kò sí ìṣó níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, àgbàdo sísun. Lẹ́yìn àgbàdo, ẹ̀pà. Ó máa ń dùn mí, á sì sinmi. Àìsàn tó bá ti sinmi, èmi a ní ó ti lọ sílé. Mo kàn ń kó ìṣó mi sí apá ọ̀tún ẹnu ni, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Àfi ìgbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú bí ẹni fi odindi obì pamọ́ síbẹ̀. Mo lọ kírun, ẹni tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí wò mí, ó ní ààbọ̀ ojú mi ń sanra.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́. Ìyá Ìfọ́n ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, torí Ìfọ́n ni wọ́n lọ́kọ sí, ṣùgbọ́n láti Ìfọ́n náà ni wọ́n ti ń ṣe àkóso wa ní Ìlobù. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn wá, wọ́n gbé ìgò àgbo mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni," wọ́n wí kí wọ́n tó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, eyín ni."

"Jẹ̀díjẹ̀dí tó gun òkè ni. Ṣúgà tí o ń dà sí ẹ̀kọ bí ẹni ń da yẹ̀pẹ̀ sí ihò. Ta ló sọ fún ọ pé kò ní wá ọ̀nà jáde?"

Mo mu àgbo náà. Mo fi kànáfùrù sínú ihò eyín. Mo fi omi iyọ̀ yọ́ ẹnu. Nígbà tí kò gbọ́, Ìyá Ìfọ́n po tábà mọ́ káún, wọ́n ní kí n fún un mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí n má sọ̀rọ̀. Tábà àti káún yẹn bó ẹran ìdí eyín mi bí ẹni bó ẹ̀wà. Mo tún lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n di oògùn àdàlù fún mi nínú ọ̀rá, pupa, funfun, àwọ̀ ewé. Ìgbà tí mo lò ó tán, inú ló wá ń ta mí. Eyín ò yẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Sídì wàyí. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin tó ti dolóògbé ni Sídíkátù, ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Tíṣà ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ní Ìlobù, ó sì máa ń wo gbogbo ènìyàn bí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìyàwó mi ti lọ sí Ìbàdàn lọ bá ọmọ wa tó bímọ tọ́jú ọmọ tuntun, nítorí náà èmi àti Sídì nìkan la wà nílé. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì kọ̀, kò dìde.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká lọ sí Òṣogbo lọ́la, ká lọ bá dókítà eyín."

"Mo ní iṣẹ́ lọ́la."

"Ẹ wo dígí."

Mo wo dígí. Iṣẹ́ ò sí mọ́.

A dé ọsibítù ìjọba kí oòrùn tó mú, síbẹ̀ àwọn tó ti ṣáájú wa débẹ̀ á kún ọkọ̀ méjì. A gba káàdì, a gba nọ́ńbà, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan fi gèlè di àgbọ̀n mọ́ orí. Bàbá kan gbé ike itọ́ rẹ̀ lé orúnkún. Kò sí ẹni tó fẹ́ la ẹnu. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ibi tí ọmọ Yorùbá mẹ́wàá jókòó sí rí tí wọn ò kí ara wọn. Orí la fi ń kí ara wa níbẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa, kò sì sí ẹni tó lè fi yangàn.

Dókítà tó pè mí wọlé, ọmọdé ni lójú mi, kò lè ju Sídì lọ. Dókítà Bùkọ́lá ni wọ́n ń pè é. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ kí mi pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ara mi balẹ̀, àfi ìgbà tí mo rí àga náà. Wọ́n ya fọ́tò eyín mi. Ó fi hàn mí pé inú eyín náà ti kú, pé ọyún ti wà nídìí gbòǹgbò rẹ̀. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà: kí òun yọ ọ́, tàbí kí òun gbẹ́ inú rẹ̀, kí òun fọ gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí òun dí i, kí eyín náà sì dúró síbi tó wà. Lẹ́yìn náà ó tan iná wo apá ọ̀tún ẹnu mi.

"Bàbá, àwọn tó yẹ kó wà níbí ńkọ́?"

"Wọ́n ti ṣáájú."

Òótọ́ ni. Ẹnì kan ló bá mi fi ẹ̀mú yọ wọ́n nígbà ọ̀dọ́ mi, lórí àpótí ìjókòó lásán.

Dókítà ní, "Tí a bá wá yọ èyí náà, ẹ̀gbẹ́ wo lẹ máa fi jẹ ẹran Iléyá, sà?"

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ìyókù. Ẹran Iléyá ni mo gbọ́. Mo ní kó fọ ọ́.

Sídì fi fóònù sọ fún Ìyá Ìfọ́n. Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ibi tí mo jókòó sí. "Ṣé eyín náà ti kú ni dókítà wí? Wọ́n á wẹ òkú, wọ́n á sì sin ín. Èwo ni ká wẹ òkú tán, ká tún dá a padà sórí àga rẹ̀ nílé?" Sídì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Sídíkátù, ìwọ lo mú un lọ. Tí nǹkan kan bá ṣe àbúrò mi, ọwọ́ rẹ ni màá ti bèèrè rẹ̀." Sídì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo rí i tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu fóònù náà bí ẹni pé ó dọ̀tí. Òun ló sì ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú náà, lára owó oṣù tíṣà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ kí iṣẹ́ náà tó parí. Abẹ́rẹ́ tí mo sọ pé mo bẹ̀rù yẹn, nígbà tí mo gbìyànjú àtisọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, Sídì ní òun ti tì í. Mo dijú, mo ka gbogbo ohun tí mo mọ̀ ní kéwú, èyí tí mi ò mọ̀ dáadáa náà mo kà á. Ìgbà tó pẹ́, mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún mi." Ó ní òun ti fún mi ní abẹ́rẹ́ náà, tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ gbọ́ mi: títa rẹ̀ kò ju ti ìjàlọ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo ni, kì í ṣe ìrora. Ó dà bí ìgbà tí aládùúgbò ń fi ayùn rẹ́ igi lẹ́yìn ògiri.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe mi nìyí. Ní ìgbà kejì tí mo lọ, tó dí eyín náà tán, dókítà fi bébà pẹlẹbẹ aláró kan sáàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. "Ẹ gé e jẹ, sà. Ẹ lọ ẹnu yín sọ́tùn-ún sósì. Ṣé ó ga? Ṣé ó ń kan ti òkè ju bó ṣe yẹ lọ?"

Ètè mi ti kú. Ahọ́n mi dà bí ahọ́n ẹlòmíràn. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti pa ẹnu dé tàbí mo ṣì là á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀, èrò ṣì kún ìta, ó sì ti ń tọ́jú mi jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ṣé kí n wá máa sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó? Mo rọra fi eyín kan bébà náà bí ẹni fẹnu ko ìkókó, mo ní, "Ó ti dára, Dókítà. Ẹ kú iṣẹ́. Ọlọ́hun á máa fún yín lókun."

Ó dúpẹ́. Ó ní, "Á ro yín fún ọjọ́ díẹ̀, sà, torí a ti fọwọ́ kan ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló yẹ kó máa dín kù. Tí kò bá dín kù, ẹ pè mí."

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ rí bó ṣe wí. Ó ń ro mí, mo ń lo oògùn, ó ń rọlẹ̀. Láti ọjọ́ kẹrin ni mo ti rí i pé ìrora ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Tí mo bá la ẹnu sílẹ̀, kò sí nǹkan kan. Bí eyín òkè bá ti pàdé ti ìsàlẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí òòlù bà ọ́ ní àtàǹpàkò ni. Nítorí náà mo kúkú ń la ẹnu sílẹ̀ káàkiri Ìlobù. Àwọn kan rò pé ìròyìn kan tó yà mí lẹ́nu ni mo gbọ́.

Dókítà pè mí fúnra rẹ̀ nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan. "Ẹ káàsán, sà. Ṣé ara ti ń le?"

"Alhamdulillahi, a dúpẹ́."

"Eyín náà ńkọ́?"

"Ó wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ilé ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù?"

Ó ní òun náà dúpẹ́. A sọ fóònù sílẹ̀. Mo pa ẹnu dé, omi bọ́ lójú mi.

Ẹ má rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nílé bàbá mi, bí ilé ẹni bá jóná láàárọ̀, tí ẹnì kan sì bèèrè àlàáfíà, "a dúpẹ́" la ó kọ́kọ́ sọ, ká tó wá sọ pé ilé ti jó. Ẹni tó ń kíni á wo ojú ẹni, á tún un bèèrè lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ á tó jáde. Ṣùgbọ́n dókítà orí fóònù ò rí ojú mi, bẹ́ẹ̀ ni kò ráyè bi mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ara bàbá káfíńtà ti le.

Ìdí kejì ni Sídì. Tí mo bá sọ pé ó ń dùn mí, Ìyá Ìfọ́n á dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òkú wíwẹ̀. Orí ọmọ yẹn ni gbogbo rẹ̀ máa já lé, ọmọ tí kò ṣe mí ní nǹkan kan ju oore lọ. Ìdí kẹta, ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí òótọ́: mi ò fẹ́ abẹ́rẹ́ mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Sídì á se ẹran sí ọbẹ̀, torí ó rò pé eyín náà fẹ́ ṣiṣẹ́. Màá gbóríyìn fún un. Tó bá wọlé lọ bu omi, màá ju ẹran náà sí ológbò aládùúgbò wa nísàlẹ̀ àga. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ológbò náà ti tóbi débi pé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá ń rìn. Ó ń tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Èmi sì ń gbẹ. Mò ń gbé ẹ̀kọ mì. Mi ò lè gun òrùlé mọ́, torí ẹni tí kò lè pa eyín pọ̀ kò lè gbé nǹkan tó wúwo.

Ìyá Ìfọ́n wá wò mí. Sídì ò sí nílé.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"O ń fi imú mí. Láti kékeré, tí o bá ń parọ́, imú lo fi ń mí."

Mo pa imú mọ́. Kò sí ibòmíràn tí màá gbà mí, mo bá jẹ́wọ́. Wọn ò bínú sí mi rárá. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí bí ọmọdé, wọ́n ní ọkùnrin kan wà lẹ́yìn ilé àwọn ní Ìfọ́n tó ń yọ eyín, ọwọ́ rẹ̀ yá, kí n wá ní ọjọ́ Àlàmísì kí ó yọ ọ́ kúrò. "Lẹ́yìn náà, èmi àti Sídì á sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ má bá Sídì sọ̀rọ̀ kankan. Màá ní ó já fúnra rẹ̀."

Wọ́n ní, "Eyín tí a fi owó tọ́jú já fúnra rẹ̀. Káfíńtà, o ò gbọ́n." Ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn: eyín kan ṣoṣo tí mo fi ń jẹun máa lọ ní ọjọ́ Àlàmísì, màá sì máa lọ ẹran lórí ọlọ títí ọjọ́ ayé mi, kí wọ́n má baà bá ọmọ mi wí.

Ológbò ló kó mi yọ. Ní ọ̀sán Àlàrùba, ọjọ́ tó ṣáájú, Sídì dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó ń gbé oúnjẹ bọ̀, ó sì bá ológbò náà nísàlẹ̀ àga mi, lápá òsì, tó ti jókòó tó ń retí. Abọ́ ò tíì balẹ̀.

Sídì dúró. Ó wo ológbò. Ó wò mí. "Bọ̀ọ̀dá mi, ológbò yìí ti mọ àkókò oúnjẹ wa."

"Ẹranko Ọlọ́hun ni."

Ó mú ẹran kan, ó gbé e síwájú mi. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ ẹ́ lójú mi."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo fi í sápá òsì, mo pa ẹnu dé. Omi dà lójú mi bí òjò orí páànù. Sídì mú fóònù, ó pe dókítà, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè jáde síta, ó sì gbé e sí mi lẹ́nu.

"Ẹ káàsán, sà," ni dókítà wí. "Ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Dókítà. Ara le."

Àní omi ṣì wà lójú mi. Ẹran ṣì wà lẹ́nu mi. Sídì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, nígbà tó ṣe, mo rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, "dókítà ò kí yín. Ó ń bi yín ni."

Mo wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ológbò, ọkùnrin ẹ̀yìn ilé ní Ìfọ́n, ọjọ́ Àlàmísì. Dókítà wà lórí fóònù tó ń gbọ́. Sídì ní, "Ṣé torí kí wọ́n má baà bá mi wí ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí wọ́n bá mi wí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá mi wí, ẹ̀yin náà sì ń wò. Ìbáwí ò yọ mí léyín rí."

Dókítà ní ká máa bọ̀ lọ́la láàárọ̀. Ọjọ́ Àlàmísì náà nìyẹn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún ọkùnrin yẹn kó dá ẹ̀mú rẹ̀ padà sápò. Wọ́n gé fóònù.

Ní Òṣogbo, wọ́n tún ya fọ́tò mìíràn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní ọyún ò sí níbẹ̀ mọ́, gbòǹgbò mọ́. Lẹ́yìn náà ó mú bébà aláró rẹ̀ jáde. Kò sí abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, mo kọ́kọ́ bèèrè.

"Ẹ gé e jẹ bí ẹni tí inú ń bí, sà."

Mo gé e jẹ. Ó dùn mí dé àtàrí. Ó fi dígí kékeré hàn mí: gbogbo eyín yòókù funfun, àmì aró kan ṣoṣo wà lórí eyín tó dí, ó dúdú kirikiri. Mo wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí lórí àga yẹn, dókítà rò pé ẹ̀rù ló tún ń bà mí.

Ẹ gbọ́, ohun tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Tí mo bá gbé ilẹ̀kùn tuntun kọ́ tí kò wọ férémù, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì pa etí rẹ̀, màá pa á dé, màá ṣí i. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti nù kúrò, ibẹ̀ ló ga. Màá fi ìfági fá a lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn á wọlé. Àìmọye oníbàárà ló ti sọ fún mi pé ilẹ̀kùn ti dára, tí wọ́n fi èjìká tì í fún oṣù mẹ́fà torí wọn ò fẹ́ kó ìtìjú bá mi. Mo máa ń bú wọn.

Mo ní, "Dókítà, ó ga."

"Mo bi yín lọ́jọ́ náà, sà."

"Mo mọ̀. Ẹ má bínú. Mo ń kí yín ni."

Ohun tó fá kúrò lórí eyín náà kò tó eruku tó ń kù sí èékánná mi lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ní kí n tún pa ẹnu dé. Mo pa á dé. Ilẹ̀kùn wọ férémù. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń pa ẹnu dé, mo ń ṣí i, mo ń pa á dé, títí nọ́ọ̀sì fi ní èrò wà níta.

Ìrora náà ò lọ lọ́jọ́ kan náà o. Eyín tí wọ́n ti ń fi òòlù lù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbọ́dọ̀ sinmi. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ń dín kù, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí níbẹ̀rẹ̀, ohun tí mo fi ń dá a mọ̀ nìyẹn. Ìwọ tí eyín ń ro lẹ́yìn tí wọ́n fọ tìrẹ, wo ọjọ́ lójú. Bí àná bá burú ju òní lọ, fọkàn balẹ̀. Bí òní bá ń burú ju àná, tàbí ojú bá tún wú, tàbí ara gbóná, tàbí ó jẹ́ pé ìgbà tí eyín bá pàdé nìkan ló ń dùn ọ́, padà síbi tí wọ́n ti ṣe é. Má lọ síbòmíràn, má fi tábà sí i, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kó o tó mọ ohun tó ń ṣe é. Eyín mi ò ṣàìsàn lọ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ó ga ni.

Wọ́n ti dé ìdérí líle lé e lórí báyìí. Mo ti padà sórí òrùlé. Ìṣó mi ti kúrò lẹ́nu, àpò kan tí Sídì rán ni mò ń so mọ́ ìbàdí, ó sì máa ń yẹ ìbàdí mi wò kí n tó jáde nílé. Mo jẹ ẹran Iléyá tó kọjá, mo jẹ egungun rẹ̀. Ológbò ti rù.

Ní Iléyá yẹn náà ni mo rí Ìyá Ìfọ́n. Wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń fi eyín iwájú họ ẹran bí eku. Gèlè wọn sọ̀kalẹ̀ gba abẹ́ àgbọ̀n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí?"

"A dúpẹ́, àbúrò mi. Ara le." Imú ni wọ́n fi mí.

Mo wo Sídì, Sídì wò mí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn ní Òṣogbo, ẹ̀gbọ́n mi láàárín èmi àti Sídì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú bí wọ́n ṣe dì í mú nígbà tí wọ́n ń mú mi lọ sí ilé kéwú láti kékeré, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo mú wọn wá. Wọ́n di ọwọ́ Sídì náà mú lápá kejì. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ òkú wíwẹ̀ kankan. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pe orúkọ wọn, wọ́n yíjú sí mi.

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Tó bá bi yín bí ara ṣe rí, ẹ má dúpẹ́. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín."

Wọ́n wọlé. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ò wọ férémù dáadáa, torí náà à ń gbọ́ wọn. Mo gbọ́ ohùn dókítà wa: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ara le?"

Wọ́n kọ́kọ́ fi imú mí.

"Kò le," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kò le rárá, ọmọ mi."